Ẹ̀WÙ TÍ HÁNÀ Ń RÁN LỌ́DỌỌDÚN

Ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an

 

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká wọlé tọ̀ yín wá. Bí ẹ bá ń dáná lọ́wọ́, ẹ dín iná kù díẹ̀, kí ẹ wá jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní pápá ìhìnrere ni mo gbé e wá fún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run. Bàbá náà lè gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra láti lọ, tiyín wà níwájú, ẹ má tíì sùn. (Ẹ̀rín)

Ẹ bá mi ṣí Bíbélì yín sí ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kejì, ẹsẹ ìkọkàndínlógún. Ẹ kà á sínú fúnra yín. Ṣé ẹ ti rí i? Ẹsẹ yẹn kéré, ọ̀pọ̀ àwa oníwàásù la máa ń fò ó. A óò wàásù lórí ẹkún Hánà, a óò wàásù lórí ẹ̀jẹ́ Hánà, a óò bá Pẹnínà jà dáadáa. (Ẹ̀rín) A óò wàásù bí Ọlọ́run ṣe pe Sámúẹ́lì lóru. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Hánà san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ tán ni ẹsẹ yìí ń sọ. Ó ti mú ọmọ lọ. Ó ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Élì. Ó ti padà sílé sí Rámà. Ẹsẹ yìí wá jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí ọdún tí obìnrin yẹn gòkè lọ sí Ṣílò tí kò sí ẹ̀wù nínú ẹrù rẹ̀, ẹ̀wù kékeré tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọmọ.

Ẹ̀yin ará, aránṣọ ni mí kí n tó di oníwàásù, mo sì ń ránṣọ títí di òní. Ẹni tó bá ń ránṣọ á béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹsẹ yìí. Ìwọ̀n wo ni Hánà fi ń rán an? Ọmọ ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọdé kì í dúró lójú kan, ọdún kan gbáko ni kò sì fi rí i. Kò sí téèpù tó gùn láti Rámà dé Ṣílò! (Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́) Ó wà nílé, ó ń gbọ́ oúnjẹ ọkọ, Ọlọ́run sì fún un ní ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì sí i, ẹ kà á ní ẹsẹ ìkọkànlélógún. Ilé kún. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀wù ti Ṣílò.

Ìbéèrè ìwọ̀n yẹn ti bá mi gbé fún ọdún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún èmi àti bàbá wọn. Àkọ́bí wa, ọkùnrin, ni wọ́n gbé lọ sí Sókótó láti lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní 1998. Ẹ mọ̀ pé ọdún kan ni wọ́n ń ṣe é. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá rẹ̀, mo ti ń wo àwọn ọmọbìnrin inú kúáyà lọ́kan-ò-jọ̀kan. (Ẹ̀rín) Ọdún pé, lẹ́tà ló dé, ọmọ ò dé. Ó ní Ọlọ́run ní kí òun dúró sí Òkè Ọya, kí òun bá àwọn míṣọ́nnárì ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe ọmọ tèmi ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ o. Ọdún 1973 ni ìjọba dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ara wọn lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Nígbà tó máa fi di 1975, àwọn agùnbánirọ̀ kan lókè lọ́hùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ Calvary Ministries, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CAPRO. Ìjọba ń ṣe tirẹ̀, Ọlọ́run gba inú rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìyá tó ra bẹ́ẹ̀dì bíi tèmi pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé e kọjá Sókótó, ó wọ ilẹ̀ Niger, ó dúró sí Maradi. Ó fẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Benue tí wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Parakou ní òkè ilẹ̀ Benin. Ó wá ku àbíkẹ́yìn wa nílé, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi àbíkẹ́yìn yẹn díẹ̀. Ọmọ tó kù sílé ló ń gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Òun ló ń san owó iná. Bí òrùlé bá ń jò, òun ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, ìjọ á pè wọ́n síwájú, á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Òun á wà lẹ́yìn, á máa bá wọn gbé báàgì. Ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé, "Màámi, tí mo bá fẹ́ kí ẹ máa dárúkọ mi nínú àdúrà alẹ́, ṣé kí èmi náà wọkọ̀ lọ sí Maradi ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Ìyá míṣọ́nnárì, wo ẹni tó ń fọ abọ́ ọbẹ̀ fún ọ lálẹ́ òní. Dárúkọ òun náà. (Ìjọ: Àmín)

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti ìwọ̀n. Kí GSM tó dé ní 2001, lẹ́tà la fi ń rí ara wa. Àwa a fi ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ, rán àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Nígbà míì ó dé, nígbà míì awakọ̀ ti jẹ ẹ̀gúsí. (Ẹ̀rín) Fóònù wá dé, ó dára. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí mo máa ń béèrè lórí fóònù? "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Ọ̀rọ̀ mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún kan, wọ́n ní àwọn máa wá ṣe Kérésì. Inú mi dùn, mo rán bùbá àti ṣòkòtò fún ọmọ ọmọ mi ọkùnrin. Ìwọ̀n ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn ni mo fi rán an, mo sì fi díẹ̀ kún un. Wọ́n dé, ọmọ náà wọ aṣọ. Apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́! Ṣòkòtò di ti ọlọ́pàá ayé àtijọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá bọ́ sí ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Kì í ṣe aṣọ ni mò ń sunkún lé lórí. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọmọ tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ọmọ tó wà ní Maradi. Mo ń tọ́jú ọmọ kan tí kò sí mọ́. Bàbá rẹ̀ pàápàá, ọmọ tèmi, ẹni ọdún méjìlélógún ni mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nígbà tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀.

Báwo ni Hánà ṣe ṣe é? Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ bá mi ronú. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kó máa béèrè. Àwọn èèyàn ń lọ sí Ṣílò, wọ́n ń bọ̀. Ó ní láti dúró lójú ọ̀nà kó bi wọ́n pé: ọmọ mi ga dé ibo báyìí? Ṣé ó ga tó tábìlì? Ìkejì, bí a bá ń ránṣọ fún ọmọ tó ń dàgbà, a máa ń ká aṣọ sínú nísàlẹ̀ àti ní ọwọ́, ká lè tú u bó bá ga. A kì í gé e já. Ìyá, má gé e já! Fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ kó dàgbà sí ẹni tí Ọlọ́run ń sọ ọ́ dà níbi tó wà. Èmi náà yí ìbéèrè mi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló ń ṣàìsàn lágbègbè yín? Orúkọ ìyáálé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Àwọn ọmọ ọmọ mi ń sọ Haúsá àti Faransé, èmi ìyá àgbà ń sọ Yorùbá, ẹ̀rín la fi ń gbọ́ra wa yé. Mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ ní Haúsá. Ìná kwáná! Ẹ̀yin ará Òkè Ọya tó ń wò wá, mo kí yín o. (Àtẹ́wọ́)

Hánà kejì wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ọmọ Yorùbá sì ni. Àfàlà lorúkọ rẹ̀, ìyá Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ní 1821, wọ́n kó Ọ̀ṣoògùn, wọ́n kó ọmọ yẹn lẹ́rú, wọ́n já ìyá àti ọmọ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ó di August 1846, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó fojú kan ara wọn mọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ọmọkùnrin tó lọ ti di àlùfáà tó wọ kóòtù òyìnbó. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, àwọn di ara wọn mú, omijé ń ṣàn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu àwọn. Ní February 1848 wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá yìí. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún un? Hánà. Ìyá Sámúẹ́lì. (Ìjọ: Halelúyà!)

Ibi tí àwa oníwàásù máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Ẹ má parí rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí, iṣẹ́ míṣọ́n ló gbé e wá, iṣẹ́ míṣọ́n náà ló tún gbé e lọ. Ní 1857 ó wọ ọkọ̀ ojú omi Dayspring lọ sókè Odò Ọya, ọkọ̀ náà sì fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Oníṣà, Lọ́kọ́ja, Bonny, Brass, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ìyá rẹ̀ wà láyé títí di 1883. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn akónilẹ́rú já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kejì, iṣẹ́ míṣọ́n ló gbé e lọ. Àwọn ìgbà tí ọmọ kò sí nílé, ṣé ẹ rò pé alẹ́ obìnrin yẹn kì í gùn? Èmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dún lójúde, á ti yíjú. Ọmọ tí a fún Ọlọ́run, a ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójúde.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ṣòro fún mi. Mi ò tíì sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n rí.

Ní July 26, 2023, àwọn sójà gba ìjọba ní Niamey. Ẹ̀rù bà wá, torí a ò tíì gbàgbé January 2015 tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì tó lé ní ogójì ní Niamey nìkan. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ECOWAS ní kí gbogbo ibodè tó wọ Niger di títì. Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí à ń tà fún wọn. Ẹ gbọ́ o, iná tó ń lọ sí Maradi, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ. Orílẹ̀-èdè mi ló pa iná mọ́ ọmọ mi lójú.

Nínú August yẹn kan náà ni bàbá wọn dákẹ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pe àkọ́bí rẹ̀, fóònù ò lọ, kò síná tí wọ́n á fi gbà á lágbára. Ọjọ́ kẹta ló wọlé, ó rí ilé ẹnìkan tó ní sólà. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó ní, "Màámi, mo ń bọ̀. Ọ̀nà igbó wà." Mo mọ ọ̀nà tí ó ń sọ. Apá Jíbíyà ni, tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé bí ẹni jí ewúrẹ́. Yorùbá ni wá. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí ojú orí bàbá. Mo mọ ohun tí ẹbí máa sọ. Mo sì sọ fún ọmọ mi pé kó má wá.

Ẹ̀yin ará, ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Kì í ṣe ìjọba ló dá a dúró, èmi ni.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin gba ọ̀nà Nikki wọlé láti Parakou, ibodè tiwọn ò tì. Àbíkẹ́yìn ló da yẹ̀pẹ̀. A fẹ́ kí àkọ́bí fi fóònù wo ìsìnkú, àwòrán dúró lójú kan, ohùn já. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí ọkọ mi dìde lójú gbogbo ayé, ó ní, "Ọlọ́run wo ló ní kí ọmọ má sin bàbá rẹ̀?" Mi ò ní èsì. Ẹni tó wá pa mí lára jù, onígbàgbọ́ ni, ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ṣí Mátíù orí kẹjọ fún mi, ibi tí Jésù ti dá ẹni tó fẹ́ lọ sin bàbá rẹ̀ lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ibẹ̀ fún opó ní ojú orí ọkọ rẹ̀. Jésù mọ ẹni tí òun ń bá wí lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èmi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè gbàdúrà. Mo ń gun orí pẹpẹ yìí, mo ń ní kí ẹ ṣe halelúyà, ẹ̀ ń ṣe é. Mo bá délé, mi ò ní ọ̀rọ̀ kan láti bá Ọlọ́run sọ. Ẹ̀ ń pe mí ní Màmá, ẹ ò mọ̀. Arábìnrin kan nínú ìjọ yìí ló fura. Kò dá àbá, kò ka Bíbélì fún mi. Gbogbo Thursday ló ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, ó ń bá mi jẹun. Ọkọ rẹ̀ wo òkè, ó rí i pé gílóòbù iná pálọ̀ ti kú, ó gun àga, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti wà nínú òkùnkùn yẹn. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣí. Mo ní, "Olúwa, ẹ ṣeun fún gílóòbù." Àdúrà àkọ́kọ́ nìyẹn. (Ìjọ dákẹ́)

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé aṣọ òfì bàbá wọn jáde. Mo pe ìyàwó ọmọ mi, mo ní kó fi okùn wọn ọkọ rẹ̀, kó fi okùn náà lé rúlà, kó ka nọ́ńbà fún mi. Ó kà á. Mo ní, "Háà, ó ti sanra!" (Ẹ̀rín) Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fojú inú wọ̀n ọ́n. Mo gé òfì bàbá, mo fi rán dàńṣíkí fún ọmọ, mo ká díẹ̀ sínú.

February 2024 ni ECOWAS ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà, ní March Nàìjíríà ṣí ibodè tiwa. Ọmọ mi dé ní April. Ó wọ dàńṣíkí náà lọ sí ojú orí bàbá rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó bi mí pé, "Màámi, ṣé ẹ bínú sí mi?" Mo ní mo bínú. Sí ìwọ, àti sí Ẹni tó rán ọ. Ó ní, "Èmi náà bínú." A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, ó padà sí Maradi, èmi ni mo sìn ín dé gáréèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ, mo ní tiyín wà níwájú. Ẹ ka Máàkù orí keje. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú ìyá àti bàbá ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run, Jésù sì bá wọn wí kíkankíkan. Ẹ ka Jòhánù orí ìkọkàndínlógún. Iṣẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Olúwa lórí àgbélébùú, síbẹ̀ ó ráyè wá ilé tí ìyá rẹ̀ máa gbé. Kí o tó gba ìrànṣẹ́ lọ́wọ́ wa, a óò bi ọ́: ta lo fi ìyá rẹ lé lọ́wọ́? Sọ orúkọ. Má sọ pé Ọlọ́run. (Ẹ̀rín) Jésù gan-an fi ìyá rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́.

Gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà ní pápá, ẹ dìde níbi tí ẹ wà. Ẹ má jáde síwájú. Ẹ dìde ṣáá. Ìyá, jọ̀ọ́, jókòó tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, na ọwọ́ sókè. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wò yíká. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe pọ̀ tó? Ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹ mú bírò. Kó tó di pé a ṣe ìkíni ìkẹyìn, kí ẹ gba àdírẹ́sì ilé wọn. Ẹ má ṣe gba ẹ̀bẹ̀ àdúrà, àdírẹ́sì ni mo wí. Ẹ béèrè iná wo ni kò tàn, omi wo ni kò yọ. Ẹ̀yin tó wà nílé, ìyá kan wà ní àdúgbò yín. Ẹ kan ilẹ̀kùn.

Ìyá, bí o bá ń bínú sí Ọlọ́run, sọ fún un. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a mú orúkọ àwọn ọmọ wa wá. Maradi, Parakou, àti gbogbo ibi tí a ò lè dárúkọ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọwọ́ Yín wọ̀n wọ́n fún wa, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ga tó fún wa. Ẹ rántí àwọn ọmọ tó kù sílé. Ẹ rántí ìyá tó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná lálẹ́ òní. Ní orúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín!)